Bí Àwa Ọmọ Yorùbá Ṣe Kọ́ Oúnjẹ àti Àṣà Ilẹ̀ Làìbéríà ní Monrovia

Ní ọdọọdún, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọ̀rọ̀ ìpàdé ni alága sábà máa ń kọ sínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ni a fẹ́ kọ. Ohun tí ó sì fà á ni ìbéèrè kan tí àbíkẹ́yìn wa bi wá.

Ó jẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú kejì nínú oṣù Kẹta, ọjọ́ tí àwọn ará ibí ń pè ní Decoration Day. Gbogbo ọmọ àdúgbò ti bá òbí wọn lọ síbi sàréè pẹ̀lú ọkọ́, àdá àti ọ̀dà funfun. Tiwa nìkan ló jókòó sílé. Ó wò wá lójú, ó ní, “Bàbá, ṣé àwa kò ní òkú ni?”

A kò rí èsì fún un. A ní kí ó lọ ka ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, oorun kò kùn wá. Àgbà tí kò lè dáhùn ìbéèrè ọmọdé, àfi kí ó padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nítorí náà a fẹ́ sọ irú ìlú tí a bá, bí a ṣe dé ibẹ̀, ohun tí wọ́n fún wa jẹ, àti gbèsè tí ó wà lọ́rùn wa títí di òní.

Ìlú tí a bá

Ní ọdún 1822 ni àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí ẹgbẹ́ American Colonization Society kó wá, dé erékùṣù kékeré tí ó wà lẹ́nu odò Mesurado, èyí tí a ń pè ní Providence Island. Christopolis ni wọ́n kọ́kọ́ pe ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó. Ní ọdún 1824 wọ́n yí i padà sí Monrovia, nítorí James Monroe tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1847 ni Làìbéríà di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ààrẹ wọn àkọ́kọ́, Joseph Jenkins Roberts, ẹni tí a bí ní Norfolk ní Virginia ní ọdún 1809, oníṣòwò bíi tiwa ni kí ó tó di olóṣèlú.

Ilẹ̀ náà kò ṣófo kí wọ́n tó dé o. Àwọn Dei, Bassa, Vai, Gola, Kru, Kpelle àti àwọn yòókù ti wà níbẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń kà títí di òní. Àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì já sílẹ̀ níhìn-ín, ni wọ́n ń pè ní Congo. Nígbà tí ó yá, orúkọ yìí mọ́ gbogbo àwọn àtìpó lára. Nítorí náà, ìlú àtìpó ni Monrovia láti ìbẹ̀rẹ̀. Wàhálà àárín onílé àti àtìpó kò sì tán nínú ìtàn rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé kí àwa tó wá síhìn-ín, àwọn kan ti kúrò níhìn-ín wá sí ilẹ̀ wa. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ James Churchwill Vaughan, káfíńtà láti South Carolina. Ó dé Làìbéríà ní ọdún 1853, kò sì pẹ́ tí ó fi bá àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó gbé Ìjàyè, ogun lé e kúrò níbẹ̀, ó sì parí ayé rẹ̀ sí Èkó ní ọdún 1893, lẹ́yìn tí ó ti wà lára àwọn tí ó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti àwọn ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀. Edward Wilmot Blyden náà, ọ̀mọ̀wé Làìbéríà, sọ̀rọ̀ ní Èkó ní ọdún 1891, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó mú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà náà ti là tipẹ́, àwọn ni ó kọ́kọ́ rìn ín.

Bí àwa ṣe dé

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìwó, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń ṣòwò kiri ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Gánà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan padà sílé, àwọn kan gba Abidjan lọ. Díẹ̀ nínú àwọn àgbà tí a bá nínú ẹgbẹ́ wa sọ fún wa pé láti Abidjan ni àwọn ti rìn dé Monrovia, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn lílọ-bíbọ̀ láìgba físà ní ọdún 1979, ọ̀nà tún rọrùn sí i.

Ní ti àwa tí a ń kọ ìwé yìí, ọdún 1998 ni a dé, láàárín ogun àkọ́kọ́ àti èkejì. Báàgì aṣọ méjì ni a gbé wá. Oríṣi owó ilẹ̀ méjì ni a bá lọ́jà nígbà náà, owó JJ àti owó Liberty, pẹ̀lú dọ́là Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́. Ọjà Waterside ni a ti kọ́ pé wọn kì í fi yáàdì ta aṣọ níhìn-ín. Lappa ni wọ́n fi ń kà á. Lappa kan jẹ́ yáàdì méjì, lappa mẹ́ta sì jẹ́ yáàdì mẹ́fà tiwa. Kí a tó mọ èyí, a ti ta aṣọ ní àdánù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ohun tí wọ́n ń jẹ

Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé nílé, ìrẹsì jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi àti ti ọdún. Níhìn-ín, ẹni tí kò bá tíì jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ kan yóò sọ fún ọ pé òun kò tíì jẹun, bí ó tilẹ̀ jẹ iṣu àti ẹ̀bà yó. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ní ọdún 1979, ìjọba Ààrẹ Tolbert dábàá pé kí àpò ìrẹsì kúrò ní dọ́là 22, kí ó di dọ́là 26. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, àwọn ènìyàn tú sí ìgboro Monrovia. Ìbọn dún, ó kéré tán ogójì ènìyàn kú, wọ́n sì fọ́ àwọn ilé ìtajà. Kò tó ọdún kan sí i, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1980, Samuel Doe àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ìjọba, wọ́n sì pa Tolbert. Kì í ṣe ìrẹsì nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrẹsì wà níbẹ̀.

Dumboy kò ṣòro fún wa láti jẹ. Ẹ̀gẹ́ tútù ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń gún nínú odó títí yóò fi fà bí iyán, wọn yóò sì gbé e sínú ọbẹ̀ olómi tí ó ta gan-an. Gbígbé ni wọ́n ń gbé e mì, wọn kì í rún un. Fufu tiwọn súnmọ́ tiwa, nítorí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ ni. Palm butter tí àwọn Kru àti Grebo ń sè, ẹyìn ni wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, tí wọn yóò sì sè é títí yóò fi ki. Àwọn àgbà wa láti oko mọ ọbẹ̀ ẹyìn, ojú kò tì wọ́n láti bu kún un. Torborgee ti ìhà Lofa, tí wọ́n fi epo pupa àti ìkàn kíkorò sè, ni ó pẹ́ kí ó tó bá wa lẹ́nu mu.

Èyí tí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni ewé. Wọ́n ń jẹ ewé ọ̀dùnkún, wọ́n sì ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́. Nílé wa, ewúrẹ́ ni a ń fún ní ewé ẹ̀gẹ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i lórí ìrẹsì, a rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú wa. A máa ń sọ ọ́ láàárín ara wa ní Yorùbá, níwájú ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá, pé, “Àwọn wọ̀nyí ń bá ewúrẹ́ du oúnjẹ.” A rò pé wọn kò gbọ́. Ẹ̀rín kò ní èdè, wọ́n gbọ́.

A kò mọ̀ nígbà náà pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ń sè é. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Wọn yóò gún un kúnná, wọn yóò sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná kí májèlé náà tó lọ, kí wọ́n tó fi ẹran, ẹja gbígbẹ, ata àti epo pupa sí i. Ẹni tí ó bá kánjú sè é, ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un.

Ìṣe wọn

Bí wọ́n bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á fi ìka ta ìka rẹ kí ó dún kí wọ́n tó fi ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé láti ayé ẹrú ni ó ti wá: àwọn olówó ẹrú a máa ṣẹ́ ìka ẹrú, nítorí náà ẹni tí ìka rẹ̀ bá dún ń fi hàn pé òmìnira ni òun. Bí àlejò bá dé abúlé, obì ni wọ́n ń gbé fún un pẹ̀lú ata. Tiwa kò jìnnà sí i, àwa tí ń gbé obì kalẹ̀ pẹ̀lú ataare. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀ ọ́, wọn yóò ní, “Mo di ẹsẹ̀ rẹ mú.” Àgbà obìnrin ni Ol' Ma, àgbà ọkùnrin sì ni Ol' Pa, ọmọ tí ó bá pe àgbà ní orúkọ lásán, wọn yóò bá a wí bí a ṣe ń bá tiwa wí. Susu tí àwọn obìnrin ọjà ń dá kò yàtọ̀ sí èésú wa. Nítorí èyí ni ó fi rọrùn fún àwọn ìyá wa láti bá wọn da owó pọ̀ kí àwa ọkùnrin tó mọ orúkọ aládùúgbò.

Nígbà ogun

Ogun àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989. Àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1990, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọlẹ́yìn Charles Taylor ti ń wá ọmọ Nàìjíríà láti mú àti láti pa. Àwọn akọ̀ròyìn wa méjì, Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion, wá wo ogun náà kí wọ́n lè ròyìn rẹ̀ fún wa. Wọ́n pa wọ́n síhìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, tí ó ti di olóògbé, sọ fún wa bí òun ṣe yọ. Ojú ọ̀nà Kakata ni wọ́n ti dá a dúró. Wọ́n máa ń ní kí ènìyàn sọ èdè rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí ó ti wá. Obìnrin Kpelle kan tí òun àti ìyàwó bàbá jọ ń tajà fò síwájú, ó ní, “Ọkọ mi ni. Odi ni.” Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá fi ya odi nínú ilé obìnrin yẹn. Ó jẹ ohun tí wọ́n gbé fún un, kò lè sọ pé ó dùn tàbí kò dùn.

Ó yẹ kí a sọ òdodo nípa àwọn ọmọ ogun wa náà. Àwọn ará ibí wà tí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ECOMOG títí di òní pé wọ́n gba ẹ̀mí àwọn là. Àwọn mìíràn wà tí ń sọ pé ìtumọ̀ ECOMOG ni pé gbogbo mọ́tò àti ohun tó bá lè rìn ti lọ, nítorí ẹrù tí àwọn kan kó. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́jà, a jẹ nínú ọpẹ́ náà, a sì jẹ nínú ìbínú náà.

Èyí tí ojú àwa fúnra wa rí ni ti ọdún 2003. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, àwọn ọmọ ogun LURD wọ Bushrod Island, wọ́n gba ibùdókọ̀ ojú omi tí ìrẹsì wà. Waterside di ojú ogun, ẹrù wa sì lọ. Ìtòsí Center Street ni a ń gbé. Òjò ń rọ̀, àdó olóró ń bọ́. Kò sí ìrẹsì láti rà, ẹni tí ó sì ní kò ta á.

Ol' Ma kan wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú wa, ará Bassa. Òun ni ẹni tí a fi oúnjẹ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ìbọn tó bẹ̀rẹ̀, yóò jáde lọ já ewé, yóò gún un, yóò sè é láìsí ẹran, láìsí ẹja, pẹ̀lú epo tí kò tó. Yóò sì bu tiwa wá. Ènìyàn márùn-ún ni wá, àwọn tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ọjọ́ kẹta ni a bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú àwo. Ó béèrè bóyá ata pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà dé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, tí Taylor kúrò ní ọjọ́ 11, tí wọ́n sì fọwọ́ sí àlàáfíà ní Accra ní ọjọ́ 18, àwọn ọmọ wa ṣì wà láàyè. Ewé ewúrẹ́ ni wọ́n jẹ.

Ọjọ́ sàréè

Ol' Ma kú ní ọdún 2009. Èkó ni a wà, a ń ra ọjà. A fi owó ránṣẹ́, a kò yọjú síbi ìsìnkú. A ṣì lè rí àwáwí sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn kì í gba àwáwí. Ní oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní, “Ol' Pa, a ń lọ ro sàréè ìyá mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ṣé ẹ ó wá?”

Láti ọdún 1916 ni òfin ti ya ọjọ́ Ọjọ́rú kejì oṣù Kẹta sọ́tọ̀ fún èyí. Gbogbo ọjà a máa tì. Àwọn ènìyàn á lọ sí Palm Grove láàárín ìlú àti àwọn itẹ́ òkú yòókù, wọn á ro koríko, wọn á kun sàréè ní funfun, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn ọ̀dọ́ a máa dúró pẹ̀lú ọkọ́ àti ọ̀dà fún ẹni tí ó bá fẹ́ fún wọn ní iṣẹ́. Àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn kan jókòó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni wọn. Àwa tí ń sin òkú sínú ilé, a kò mọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ọkọ́ kan ilẹ̀ lórí sàréè Ol' Ma, ó dàbí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi ìsìnkú rẹ̀. Ọdọọdún ni a ń lọ láti ìgbà náà. Àwa nìkan ni a ń lọ, a kò mú àwọn ọmọ wa dání, a kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Lọ́dún tí àbíkẹ́yìn wa béèrè ìbéèrè rẹ̀, àìsàn dá wa dúró sílé.

Òkú tiwa náà ńkọ́? Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ìpàdé, àwọn kan sọ pé ilé ni òkú Yorùbá ń sùn, kí a má ná owó ẹgbẹ́ lórí koríko àjò. A bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Mélòó nínú wa ni ó lówó láti gbé òkú relé? Àwọn tí ogun pa ní 1990 ńkọ́? Ní ọdún 2014 tí àrùn Ebola dé, tí ó pa ènìyàn tó lé ní 4,800 ní Làìbéríà, ìbọwọ́ dáwọ́ dúró, kò sẹ́ni tí ó ń ta ìka mọ́. Láti oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa sun òkú ní Monrovia, ohunkóhun tí ìbáà pa á. Ibà ni ó pa ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì sun ún. A kò lè ya eérú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ní Ọ̀ṣun ṣì ń béèrè ibi tí ọmọ òun wà.

Òfin ilẹ̀ yìí kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ ra ilẹ̀. A ń háyà ilé, a ń háyà ṣọ́ọ̀bù. Sàréè àwọn ènìyàn wa nìkan ni ilẹ̀ tí a ní ní Monrovia, a sì jẹ́ kí igbó bò ó. Àjò kò dùn kí onílé má relé, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò lè relé mọ́, ta ni yóò wò wọ́n?

Èsì tí a fún ọmọ wa nìyí, a pẹ́ kí a tó fún un: a ní òkú. A ní tiwa, a sì ní Ol' Ma.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa ti àtijọ́ ṣègbé nínú ogun 2003. Akọ̀wé wa ti ṣí ìwé tuntun. Kí olúkúlùkù mú orúkọ ẹni rẹ̀ tí ó sùn sí ilẹ̀ yìí wá, ìlú tí ó ti wá, ọdún tí ó kú, àti ibi tí sàréè rẹ̀ wà. Ẹni tí kò ní sàréè, ẹ mú orúkọ rẹ̀ nìkan wá. Ẹ kọ orúkọ ará Làìbéríà tí ó gbà yín là pẹ̀lú, nítorí ìwé kan náà ni wọn yóò wà. Ní Ọjọ́rú kejì oṣù Kẹta tí ń bọ̀, agogo méje àárọ̀, a ó pàdé níwájú ilé ìpàdé wa. Ẹ mú ọkọ́ àti àdá dání, ẹ sì mú àwọn ọmọ wá. Àwọn ìyá wa yóò se ìrẹsì pẹ̀lú ewé ẹ̀gẹ́.